Sìkírátù Oníìgèrè àti Ìlẹ̀kùn Ọkàn Rẹ̀

Bí ẹ bá dé etí omi Ọ̀jọ́ láyé ìgbà náà, tí ẹ sì bèèrè ẹni tó mọ ìgèrè hun jù, àwọn apẹja á kọ́kọ́ wo ojú ara wọn. Ojú ń ti àwọn kan láti dáhùn. Ìgèrè ni apẹ̀rẹ̀ gígùn tí wọ́n ń dẹ sínú ọ̀sà láti fi mú ẹja, iṣẹ́ ọkùnrin sì ni híhun rẹ̀ láti ayé àwọn baba-ńlá wọn. Ṣùgbọ́n orí omi kò gba irọ́. Ẹni tí ìgèrè rẹ̀ ń kó ẹja ló mọ̀ ọ́n hun, ẹni náà sì ni Sìkírátù ọmọ Bùràímọ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lè rìn láti etí omi dé ilé bàbá rẹ̀ láìjókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì.

Àìsàn ló sọ ọ́ di oníìgèrè. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọ̀nà ọ̀fun dùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ wú. Bí orúnkún ti ń fúyẹ́ ni ọrùn ọwọ́ gbà á, láti ọrùn ọwọ́ ó bọ́ sí ìgúnpá, bí àlejò tó ń kí ilé kiri. Làkúrègbé ni wọ́n pè é. Wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n gbé e sójú oòrùn, ó sì dìde. Gbogbo ilé dúpẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ohun tó kúrò ní oríkèé ara ọmọ náà ti wọ inú ọkàn rẹ̀ lọ, ó sì ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, Sìkírátù kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́. Bí wọ́n bá rán an lómi, ó máa ń pẹ́ débi pé ẹni tó rán an á ti gbàgbé ohun tó fẹ́ fi omi náà ṣe. Wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò pè é bẹ́ẹ̀. Bùràímọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sìkírá, jókòó síbí, bá mi di okùn yìí mú." Okùn náà ni ọmọ náà dì mú fún ọdún mẹ́tàlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìgèrè ṣe rí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó gbé Sìkírátù dé Èkó. Ọ̀pá ògùrọ̀ tí wọ́n là wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń hun ún, ìko ni wọ́n fi ń so ó. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Nínú ẹnu yẹn ni ọ̀fun wà, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò yípo tí gbogbo wọn kọjú sínú. Bí ẹja bá fi imú tì í, ọ̀fun á là, ẹja á wọlé. Bí ẹja bá ti kọjá, ọ̀fun á padà dé, ẹja kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Kò sí ẹni tí kò lè hun ara ìgèrè bó bá ní sùúrù. Ọ̀fun ni iṣẹ́. Bó bá le jù, ẹja kò ní lè wọlé. Bó bá dẹ̀ jù, èyí tó wọlé á tún bá tirẹ̀ lọ. Ìka Sìkírátù mọ àárín méjèèjì.

Ìgèrè náà ní àrùn tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ àti ẹrẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, àwọn ọ̀pá náà á so pọ̀, wọ́n á sì le gbagidi. Ilé Bùràímọ̀ kì í tún irú èyí ṣe. Baba-ńlá rẹ̀ ló tún ọ̀kan ṣe nígbà kan, ó ya lábẹ́ omi, apẹja tó ni ín sì gbé ìgèrè òfìfo náà yí gbogbo ọjà Ọ̀jọ́ ká, ó ń ki orí bọ inú rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí ihò tí ẹja gbà jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni òfin ti wà nínú ilé yẹn pé ìgèrè tí ọ̀fun rẹ̀ bá dì, iná ló kàn. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á dáná sun ún, Bùràímọ̀ á sì hun tuntun fún àwọn tó ni wọ́n. Ìtìjú ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń sun apẹ̀rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, wọ́n wá ń pè é ní àṣà.

Àkànbí ará Ìbà ló fẹ́ Sìkírátù. Oko àgbọn ló ní ní Okokomaiko, ọkùnrin gíga tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ra ìgèrè kan, ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá ra òmíràn. Ìgbà tó wá ra ẹ̀kẹta ni Bùràímọ̀ bi í léèrè pé irú ẹja wo ló ń pa lórí igi àgbọn. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn ọdún kan, Sìkírátù lóyún. Bí oyún ti ń dàgbà ni èémí rẹ̀ ń kúrú. Ìgbà tó di oṣù karùn-ún, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ìjókòó ló ń sùn. Oyún náà bàjẹ́. Ó dùn wọ́n wọra, ṣùgbọ́n Àkànbí kò fi ojú burúkú wò ó rí. Ó ṣáà ń gé àgbọn tútù wá fún un láràárọ̀, bí ẹni pé omi àgbọn ló máa tún ayé ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1958, Sìkírátù wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń so ọ̀fun ìgèrè kan lọ́wọ́ nígbà tí ikọ́ gbà á, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí ìko funfun tó wà lórí itan rẹ̀. Ó wo ẹ̀jẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó fi ìró bo ìko náà kí bàbá rẹ̀ má bàa rí i, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti rí i. Ọjọ́ kejì ni Àkànbí gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó, ní ilé ìwòsàn ńlá kan.

Dókítà Ògúntádé ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ Yorùbá ni, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ iṣẹ́ abẹ, kò sì tíì ju ọdún kan lọ tó dé. Ó gbé ohun èlò ìgbọ́ràn lé e láyà, ó pa ojú dé, ó gbọ́ ọ títí. Ó fún un ní oògùn oníhóró méjì, ó sì kìlọ̀ pé kó má fẹnu kan iyọ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí. Ọmọ́yẹlé, ìyá Àkànbí, fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ dénú. Ó kó iyọ̀ kúrò nínú ilé pátápátá, ó gbé e fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ ń ṣe é láàánú, ló bá ń ra ẹja oníyọ̀ lọ́wọ́ àwọn Ègùn, èyí tí iyọ̀ ti funfun lára rẹ̀ bí ẹfun, ó ń fi í sínú ọbẹ̀ kí ọmọ aláìsàn lè rí nǹkan jẹ. Kò pé oṣù kan tí ẹsẹ̀ Sìkírátù wú tó dán. Wọ́n tún di Èkó. Dókítà bi ìyá náà léèrè ohun tó ń sè, Ọmọ́yẹlé sì kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹja oníyọ̀ wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

"Màmá," dókítà ní, "mo ní kó má jẹ iyọ̀."

"Kò jẹ iyọ̀," Ọmọ́yẹlé fèsì. "Ẹja ló jẹ."

Sìkírátù rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jáwọ́ nínú ẹja oníyọ̀, ẹsẹ̀ fọn, èémí fúyẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni dókítà ti pe Sìkírátù àti Àkànbí jókòó.

"Oògùn yìí ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ni," ó sọ fún un. "Kò tún ọkọ̀ ṣe." Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ya ọkàn sórí ìwé. Ó ní yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ìlẹ̀kùn sì wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láti yàrá kan sí ìkejì, tó máa ń là kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, tó sì máa ń padà dé kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn. "Àìsàn tó ṣe ọ́ lọ́mọdé ló mú kí etí ìlẹ̀kùn kan so pọ̀. Kò là dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wá ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ. Òun ni kò jẹ́ kó o mí."

Sìkírátù ń wo àwòrán náà. "Ọ̀fun ìgèrè ni," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́.

"Kí ni?"

Ó ṣàlàyé ọ̀fun ìgèrè fún un, ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ara wọn kó lè rí i. Dókítà gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ọdún tóun fi kọ́ṣẹ́, kò sí ẹni tó ti là á yé òun tó bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n á fi oògùn mú un sùn, wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, òun á sì ki ìka kan ṣoṣo bọ inú ọkàn náà níbi tó ti ń lù lọ́wọ́, òun á fi ìka yẹn ya ìlẹ̀kùn tó so pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àkànbí dìde dúró, ó tún jókòó.

"Ṣé ẹ ti ṣe é rí?" Sìkírátù bi í.

"Ogún ni mo bá wọn ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Méjìdínlógún dìde, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn. Ẹnì kan kò jí. Ẹnì kan jí, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn náà ya, ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn títí di òní."

"Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Ọdún méjì. Bóyá mẹ́ta. Bí oyún bá dé, kò ní tó bẹ́ẹ̀." Ó tún ní, "Wọ́n ní àwọn kan nílùú òyìnbó ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe ìlẹ̀kùn tuntun, tí wọ́n á fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Kò tíì dé. Mi ò ní tan ọ́ pé kó o dúró dè é."

Ó ku ẹni tó máa tẹ̀ka sí ìwé pé kí wọ́n ṣe é. Ọkọ ni ilé ìwòsàn ń béèrè, Àkànbí sì sọ òótọ́ inú rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà. "Sìkírá, bí bàbá ẹ bá gbà, màá tẹ̀ka. Bí wọn ò bá gbà, mi ò lè ṣe é. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ojú wo ni màá fi wò wọ́n?" Sìkírátù kò bá a jà. Ó mọ̀ pé ìfẹ́ àti ẹ̀rù ló jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n bá Bùràímọ̀ níwájú ilé, ó ń la ògùrọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní, "Ẹ ti jẹun?"

"Bàbá, kí lẹ wí?"

"Mo ní rárá." Ó ju ọ̀pá tó là sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ohun tó bá ti dì, a kì í fi ipá ṣí i. Ó máa ń ya ni. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ilé yìí la ti tọ́ ọ."

Òjò ti ń ṣú nígbà náà. Ìgèrè mẹ́jọ tí ọ̀fun wọn ti dì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń dúró de iná ọdún yẹn. Láti kékeré ni Sìkírátù ti ń wo iná náà, ó tiẹ̀ máa ń yáná rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó wo àwọn ìgèrè náà, àánú wọn sì ṣe é bí ẹni pé ènìyàn ni wọ́n.

"Bàbá," ó wí, "èmi náà ńkọ́? Ṣé iná ló kàn mí?"

Bùràímọ̀ gbé kẹ́tùrù àlùwàlá rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá àsárì, bẹ́ẹ̀ àsárì kò tíì tó. Ṣùgbọ́n kò dáná sun ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ kejì, Sìkírátù wọ́ àwọn ìgèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá sídìí ẹní rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wo apá ibòmíràn.

Ó rẹ wọ́n sínú omi kànga tí kò ní iyọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní kí Àkànbí gbé àdí àgbọn wá láti Okokomaiko. Ó fi àdí náà pa ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ó rọra kì í bọ ọ̀fun ìgèrè àkọ́kọ́, ó sì ń wá ibi tí ọ̀pá kan ti so mọ́ ìkejì. Kò sí bí ojú ṣe lè rí ibẹ̀, ìka ló ní láti ríran. Bó bá ti rí ojú ibi tó so, á tì í díẹ̀, á dúró, á tún tì í díẹ̀. Ìgèrè kan lè gbà á ní odidi àárọ̀ kan. Méje gbà fún un. Ẹ̀kẹjọ ló ku díẹ̀ kó parí nígbà tí ikọ́ gbé e, ìka rẹ̀ ta kiji, ó sì gbọ́ tí ọ̀fun náà ya kẹ̀ẹ́. Sìkírátù gbé apẹ̀rẹ̀ náà sórí itan, ó sunkún. Kò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ta sórí ìko.

Àkànbí tí kì í ṣe apẹja yá ọkọ̀, ó dẹ méjèèje sínú ọ̀sà, ó fẹ́ẹ̀ bá ọ̀kan ṣubú sómi. Nígbà tó kó wọn lọ́jọ́ kẹta, márùn-ún ló ní ẹja, akàn ńlá kan wà nínú ọ̀kan, ọ̀kan kò ní nǹkan kan. Ó kó gbogbo rẹ̀ síwájú Bùràímọ̀, tòun ti èyí tó ya.

Bàbá náà jókòó tì wọ́n. Ó ki ìka bọ ọ̀fun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì kánjú. Ó dé orí èyí tó ya.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Ikọ́ gbé mi, Bàbá. Mi ò tètè yọwọ́."

Ó gbé e kalẹ̀. "Ìka tìẹ, mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ti dókítà yẹn ńkọ́? Mi ò mọ ìka ọwọ́ rẹ̀."

"Ẹ wá wò ó."

Kò sí ẹni tó rò pé ó máa lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, Bùràímọ̀ kò tíì kọjá Ìbà rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó wọ agbádá rẹ̀ tó ń fi kí Jímọ̀, ó lọ sí etí omi, ó bẹ apẹja kan pé kó fún òun ní ìgèrè tó bàjẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e há abíyá, òun, Sìkírátù àti Àkànbí sì jọ wọ ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kò gbà kó gbé e wọlé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì ń rùn."

"Ó yẹ kó rùn," Bùràímọ̀ dáhùn. "Inú ọ̀sà ló ti ń bọ̀." Ó jókòó sórí àga tó wà níta, ó gbé ìgèrè sáàárín ẹsẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ títí Dókítà Ògúntádé fi jáde wá.

Àdánwò kan wà tí Bùràímọ̀ máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Á da aṣọ bo ìgèrè tí ọ̀fun rẹ̀ ti dì, á ní kí onítọ̀hún ki ìka kan bọ̀ ọ́ kó ṣí i láìwò ó, òun fúnra rẹ̀ á sì gbé etí lé ara apẹ̀rẹ̀ náà. Bó bá gbọ́ ìró pé nǹkan ya, ẹni náà á padà sílé ìyá rẹ̀. Bí ó bá yege, wọ́n á sun ìgèrè náà bó ti wù kó rí. Èèyàn mẹ́rin péré ló ti yege, Sìkírátù ni ẹ̀kẹrin.

"Dókítà," ó wí, "ẹ ní ẹ fẹ́ ki ìka bọ ọkàn ọmọ mi. Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ kì í bọ eléyìí." Ó bọ́ agbádá rẹ̀ tó mọ́ lóló, ó dà á bo ìgèrè ẹlẹ́rẹ̀ náà.

Sìkírátù dúró tí ògiri, ojú ń tì í dé àtàǹpàkò. Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó sì béèrè fún omi díẹ̀. Ó da omi náà sí ọ̀fun apẹ̀rẹ̀, ó ki ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ, ó pa ojú dé. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn fi ìka náà síbẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, bó ṣe pa ojú dé lọ́jọ́ tó gbọ́ àyà Sìkírátù. Bùràímọ̀ tẹ̀ ba, ó gbé etí lé apẹ̀rẹ̀. Àwọn aláìsàn tó wà níta gbàgbé àìsàn wọn, wọ́n sún mọ́ tòsí.

Ó pẹ́. Dókítà ṣí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sinmi, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó yọ ìka rẹ̀.

Bùràímọ̀ ká agbádá kúrò, ó ki ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ kò ṣí i tán. Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ibẹ̀ ti rọ̀ jù. Bí mo bá ní kí n ṣí i tán, á ya. Èyí tí mo ṣí tó fún ẹja láti kọjá."

Bàbá náà wo ojú rẹ̀, ó sì wo ìka rẹ̀ tí ẹrẹ̀ kún abẹ́ èékánná rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ibi ṣíṣí kọ́ ni wọ́n ti ń kùnà, ibi àìmọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró ni. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ọmọ mi," ó wí, ó sì ti kó ẹ̀yin jáde nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, "lọ fọ ọwọ́ rẹ dáadáa kó o tó fi kan ọmọ mi." Ó yíjú sí Àkànbí. "Kí lo ń dúró wò? Lọ tẹ̀ka."

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n fi oògùn gbé ara rẹ̀ ró, oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà ni wọ́n ṣe é, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láàárọ̀, Bùràímọ̀ gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ó ṣe àdúà, ó sì ní òun ń padà sí Ọ̀jọ́. Ó dun Sìkírátù. Ó rò pé bàbá òun kò gbà gbọ́ pé òun á jí, pé kò fẹ́ wà níbẹ̀ kí ó má bàa rí i. Èrò yẹn ló gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kó máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kò rántí pé òun ka ẹẹ́fà.

Nígbà tó jí, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ń ro ó bí ẹni pé wọ́n fi àáké là á. Ó fẹ́ kígbe. Láti lè kígbe, ó ní láti mí, ó sì mí. Afẹ́fẹ́ náà wọlé, ó ń wọlé lọ, kò rí ibi tó ti dá a dúró bó ṣe máa ń dá a dúró láti ọdún mẹ́tàlá. Ìyàlẹ́nu rẹ̀ pọ̀ débi tó gbàgbé igbe. Àkànbí ló sunkún, lójú nọ́ọ̀sì àti gbogbo ènìyàn, ojú kò sì tì í.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́hùn-ún. Dókítà kò fi òótọ́ pa mọ́ fún un: ìlẹ̀kùn náà tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ìyàn iyọ̀ ṣì kù díẹ̀. Ó gbà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbé e dé Ọ̀jọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé òun. Igi ọ̀dàn kan wà lójú ọ̀nà láti etí omi, Àyọ̀ká tó ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀ máa ń fi àpótí ìjókòó kan sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Ó nu àpótí náà kalẹ̀ bó ti rí i lókèèrè. Sìkírátù kí i, ó bi í léèrè àwọn ọmọ, ó sì kọjá. Àyọ̀ká fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sinmi nídìí igi kejì o, irọ́ kò dára, ṣùgbọ́n ìdúró ló fi sinmi.

Ìgbà tó dé ilé bàbá rẹ̀, kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wò. Ìgèrè ló so rọ̀ yí gbogbo ilé náà ká, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lára ògiri, lórí igi ọsàn. Gbogbo ọ̀fun wọn ti dì. Òjò ti rọ̀ tán lọ́dún yẹn, kò sì sí eérú kankan lẹ́yìn ilé.

"Ta ló ni gbogbo èyí?" Sìkírátù bi Àkànbí.

Aládùúgbò kan ló dá a lóhùn. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni bàbá rẹ̀ ti Èkó dé, kò wọlé, kò jẹun, ó mú ọ̀nà etí omi pọ̀n, ó ń gba ìgèrè tó dì lọ́wọ́ àwọn apẹja, láti Ọ̀jọ́ lọ dé àwọn abúlé tó wà lọ́nà Àgbádárìgì. Nígbà tí wọ́n bi í pé ṣé ó fẹ́ sun wọ́n ni, ó ní rárá. Ó ní ẹni tó máa tún wọn ṣe wà ní Èkó, ó ń bọ̀.

Bùràímọ̀ wà lórí ẹní rẹ̀, ó ń la ògùrọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó sún síwájú díẹ̀ kí àyè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"O pẹ́," ó wí. "Àwọn onínǹkan ti ń yọ mí lẹ́nu."

Sìkírátù jókòó. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó fa ìgèrè tó sún mọ́ ọn jù lọ sọ́dọ̀, ó ki ìka bọ ọ̀fun rẹ̀, ó sì ní kí ẹnì kan bá òun bu omi wá.